No AFB Seen: ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo kọ ní láàbù

1/
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo kọ sínú rẹ́jísítà láàbù lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan: "No AFB seen." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn ló kù díẹ̀ kó dá ìyá àgbàlagbà kan padà sílé tàwọn ti ikọ́ ẹ̀gbẹ lára, sínú yàrá tí àwọn àti ọmọ-ọmọ wọn jọ ń sùn. Ẹ wá ibi jókòó sí, ìtàn yìí gùn díẹ̀. 🧵

2/
Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí: ẹnìkan wọ DM mi lánàá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń wúkọ́ láti bí oṣù kan ó lé. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ti padà síbi iṣẹ́, ikọ́ ò sì lọ. Ó ní, "Sis, ṣebí Microbiology lẹ kà, ṣé a lè fọkàn balẹ̀ báyìí?" Mo fẹ́ fi gbólóhùn kan dá a lóhùn. Kò ṣeé ṣe.

3/
Àwọn tó ń tẹ̀lé mi mọ̀ mí sí skit àti fídíò oúnjẹ. Àmọ́ Microbiology ni mo kà ní yunifásítì lóòótọ́, mo sì ṣe IT oṣù mẹ́fà ní láàbù ilé ìwòsàn kan. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀. Mo sì ti pa nǹkan díẹ̀ dà nípa ìyá yẹn kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Àṣìṣe tí ẹ máa kà níbí, èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe ẹlòmíì.

4/
Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ò ní àwọ̀ kankan lára. Tí ẹ bá gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù báyẹn lásán, bí ẹni ń wá gíláàsì nínú omi ni. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń rẹ ẹ́ láró kí ojú tó lè rí i dáadáa.

Mo ṣàlàyé èyí fún Màmá àgbà mi l'Abẹ́òkúta, àwọn tó jẹ́ pé àdìrẹ ni wọ́n fi tọ́ màmá mi àtàwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé torí kó o lè lọ máa rẹ aró lo ṣe lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì? Ṣebí aró wà nílé níbí." 😂

5/
Èyí tí gbogbo ọmọ Microbiology kọ́kọ́ ń kọ́ ni Gram stain. Ọdún 1884 ló jáde, ní Berlin. Dókítà ọmọ Denmark kan, Hans Christian Gram, ń yẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí òtútù àyà pa wò. Ó fẹ́ kí bakitéríà yàtọ̀ sí ara èèyàn tó yí i ká. Bó ṣe ń rẹ aró tó ń ṣan án kúrò, ó rí i pé àwọn bakitéríà kan di aró mú, àwọn kan sì jẹ́ kó lọ.

Nínú ìwé tó kọ, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ọ̀nà náà kò tíì pé, ó sì ń retí pé yóò wúlò lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì. Ó ti lé ní 140 ọdún. A ṣì ń lò ó títí di òní.

6/
Bí a ṣe ń ṣe é nìyí:

• Tẹ́ kòkòrò náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ tí à ń pè ní sìláìdì. Jẹ́ kó gbẹ. Gbà á kọjá lórí iná díẹ̀ kó lè lẹ̀.
• Crystal violet, ìṣẹ́jú 1. Ẹ mọ̀ ọ́n o! GV tí wọ́n máa ń kùn sí wa lẹ́nu ní kékeré, òun náà ni.
• Áyódíìnì, ìṣẹ́jú 1. Òun ló ń bá aró náà so pọ̀ kó lè dúró.
• Ọtí líle tàbí acetone, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ PÉRÉ. Ṣan án lómi kíá.
• Safranin, aró pupa, bí ìṣẹ́jú 1. Ṣan án, jẹ́ kó gbẹ.

Lẹ́yìn náà, kán òróró sí i, kó o fi lẹ́ńsì 100 wò ó. Lẹ́ńsì tí ojú rẹ wà jẹ́ 10. Ìyẹn ni pé ò ń rí i ní ìlọ́po 1,000.

7/
Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Àwọn bakitéríà kan ní ògiri tó nípọn lára. Tí ọtí bá kàn án, ògiri náà á gbẹ, á fún mọ́ra, aró á há sínú. Àwọ̀ elése àlùkò ni wọ́n máa ń ní. Gram-positive nìyẹn.

Ti àwọn yòókù tín-ín-rín, awọ ọlọ́ràá kan sì tún bò ó lóde. Ọtí á yọ́ ọ̀rá yẹn, aró á bá a jáde. Tí safranin bá dé, á kùn ún ní pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Gram-negative nìyẹn.

8/
Gbogbo ẹ̀ wá dá lórí ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ tí ọtí fi wà lórí sìláìdì. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé IT, wọ́n fún mi ní Staphylococcus aureus kí n rẹ ẹ́. Ó yẹ kó jáde ní elése àlùkò, kó ṣù jọ bí èso àjàrà. Mo da acetone sí i, fóònù mi dún, mo wo ẹni tó ń pè. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wò o! Ìgbà tí mo gbé e sábẹ́ lẹ́ńsì, gbogbo ẹ̀ ti pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Èmi náà bá fi ìgboyà kọ ọ́ pé Gram-negative ni.

Ọ̀gá wa ní láàbù, obìnrin ni wọ́n, Mummy la máa ń pè wọ́n. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ IT, bakitéríà ò yí padà o. Ọwọ́ ẹ ló yí i padà."

9/
Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí à ń pè ní control. Wàá mú bakitéríà méjì tó o ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ọ̀kan elése àlùkò, ọ̀kan pupa, wàá rẹ wọ́n pẹ̀lú ti aláìsàn. Tí èyí tó o mọ̀ bá jáde ní àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, má gba èsì ti aláìsàn gbọ́. Ọwọ́ ẹ ló ṣe é, tàbí aró ẹ ti bàjẹ́.

Kì í ṣe eré o. Tí a bá gbin kòkòrò sínú àwo, ó di ọjọ́ kejì kó tó hù. Gram stain ò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Dókítà lè máa fi àwọ̀ yẹn mú oògùn tó máa kọ́kọ́ lò kí èsì yòókù tó dé. Bí àpẹẹrẹ, vancomycin máa ń pa Gram-positive, àmọ́ awọ òde Gram-negative kì í jẹ́ kó wọlé. Tí àwọ̀ bá ṣìnà, oògùn lè ṣìnà.

10/
Ó wá ku ẹnìkan. Bakitéríà tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ, TB tí gbogbo wa mọ̀. Ìda ló kún ògiri ara tirẹ̀. Aró Gram kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ̀ ọ́. O lè fi Gram rẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí TB kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, kó o wò ó títí, kó o má rí nǹkan kan tó jọ ọ́.

Aró náà ò purọ́. Ìbéèrè tó o bi í ni kì í ṣe èyí tó máa dáhùn.

11/
Ibí ni Màmá àgbà ti yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àdìrẹ, ẹ mọ̀ pé tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ wà, aró ò ní débẹ̀. Alábẹ́là náà wà, ìyẹn èyí tí wọ́n ń fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe. Ibi tí àbẹ́là bá kán sí, aró ò wọ̀ ọ́, àfi tí ẹ bá fi omi gbígbóná yọ́ ọ kúrò.

Mo kàn sọ fún wọn pé kòkòrò kan wà tí ìda bò lára, aró ò wọ̀ ọ́. Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ ẹ́ gbé e kaná nìyẹn."

Màmá mi tí ò wọ yunifásítì! 😭

12/
Iná gan-an ni o. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882, Robert Koch kéde ní Berlin pé òun ti rí bakitéríà tó ń fa TB. Ọjọ́ yẹn náà ni à ń ṣe World TB Day lọ́dọọdún. Àmọ́ ọ̀nà tí Koch kọ́kọ́ gbà rẹ ẹ́ láró gba bí ọjọ́ kan gbáko.

Paul Ehrlich wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Koch sọ̀rọ̀, ó sì lọ wá aró tó dára ju tiẹ̀ lọ. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ó gbé sìláìdì sórí sítóòfù tó tutù kó lè gbẹ, ẹnìkan wá dáná sí i láìmọ̀, aró sì wọlé dáadáa. Franz Ziehl àti Friedrich Neelsen tún un ṣe lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ àwọn méjèèjì la fi ń pè é títí dòní: Ziehl-Neelsen, ZN.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ehrlich fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ara rẹ̀ wò. Ó rí TB níbẹ̀.

13/
Bí a ṣe ń ṣe ZN ní láàbù wa:

• Da carbol fuchsin, aró pupa rúsúrúsú, bo sìláìdì. Fi òwú tí a ti rì sínú spírítì dáná lábẹ́ rẹ̀ títí ooru á fi máa rú bíi ti ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Kò gbọdọ̀ hó. Kò gbọdọ̀ gbẹ. Ìṣẹ́jú 5.
• Ṣan án. Da ọtí tí ásíìdì wà nínú ẹ̀ sí i, bí ìṣẹ́jú 3. Gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ á bọ́ aró pupa sílẹ̀, àyàfi TB. Ìda tí kò jẹ́ kí aró wọlé lẹ́ẹ̀kan, òun ni ò jẹ́ kó jáde mọ́.
• Methylene blue, aró búlúù, ìṣẹ́jú 1.

Ọ̀pá kéékèèké tí ásíìdì ò lè bọ́ aró lára wọn, wọ́n ń pè wọ́n ní acid-fast bacilli. AFB. Ẹ ti wá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mẹ́ta mi ti wá.

14/
Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mi ò lè gbàgbé. Ilẹ̀ búlúù, ó wá dà bíi pé ẹnìkan já òwú pupa tín-ín-tìn-ín dà sórí aṣọ aró. Òmíì tẹ̀ díẹ̀, òmíì gbé ara lé ara wọn. Ó rẹwà. Ojú ń tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí mo mọ ohun tó ń ṣe fún èèyàn, àmọ́ ó rẹwà.

15/
Òfin kan wá wà. Ibi tí ojú rẹ lè rí lẹ́ẹ̀kan náà nínú lẹ́ńsì, fíìdì la máa ń pè é. Kó o tó kọ ọ́ pé o ò rí AFB, o gbọ́dọ̀ ti wo fíìdì 100.

• Tó o bá rí 1 sí 9 nínú fíìdì 100, "scanty", kó o kọ iye rẹ̀ gan-an síbẹ̀.
• 10 sí 99 nínú fíìdì 100, 1+.
• 1 sí 10 nínú fíìdì kọ̀ọ̀kan, 2+.
• Tó bá ju 10 lọ nínú fíìdì kọ̀ọ̀kan, 3+.

Kí nìdí tí a fi ń wo 100? Torí pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gbọ́dọ̀ ní bí 5,000 sí 10,000 kòkòrò yìí nínú mílílítà kan kí ojú wa tó lè bá a pàdé lórí sìláìdì. Èèyàn lè ní TB gidi, kí tirẹ̀ má tó bẹ́ẹ̀.

16/
Ó di ọjọ́ Ẹtì yẹn. Oṣù kẹta mi nínú IT. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe ìnáwó ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kejì, mo ti ra aṣọ ẹbí, mo sì fẹ́ wọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. NEPA ti mú iná lọ láti àárọ̀. Wọ́n ti sọ fún wa pé àwọn máa pa jẹnẹrétọ̀ láìpẹ́. Sìláìdì kan ló kù fún mi.

Mo mọ ẹni tó ni ín. Láti àárọ̀ ni ìyá náà ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta. Itọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá, mo ní kí wọ́n padà lọ, kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n wú u láti àyà. Ọmọ-ọmọ wọn jókòó tì wọ́n, ó ń jẹ búrẹ́dì. Gbogbo ìgbà tí ikọ́ bá gbé ìyá náà, wọ́n á fi ìbòrùn bo ẹnu, wọ́n á wò wá, wọ́n á ní, "Ẹ má bínú o."

17/
Mo wo fíìdì àkọ́kọ́. Búlúù. Èkejì, búlúù. Ìkẹwàá, búlúù. Mo ń wo aago. Mo wò tó bí 30. Mo sọ fún ara mi pé tó bá wà níbẹ̀, mi ò bá ti rí i. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo kọ ọ́: No AFB seen. Mo gbé báàgì mi.

18/
Mummy kì í fọwọ́ sí èsì ọmọ IT láì tún un wò. Wọ́n ní, "Fíìdì mélòó lo kà?"

Mo ní, "100, ma."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo purọ́. Kò tiẹ̀ pẹ́ lẹ́nu mi.

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n jókòó, wọ́n kán òróró tuntun, wọ́n mú ẹ̀rọ kékeré tí à ń tẹ̀ ka nǹkan lọ́wọ́. Tẹ́. Tẹ́. Tẹ́. Mo dúró lẹ́yìn wọn, báàgì léjìká. Tẹ́. Tẹ́. Bó ṣe ń lọ, ọkàn mi ń sọ pé, kò sí nǹkan níbẹ̀, kò sí nǹkan níbẹ̀. Wọ́n dé 41, ọwọ́ wọn dúró.

"Wá wò ó."

19/
Mo wò ó. Méjì ló wà níbẹ̀, pupa, wọ́n gbé ara lé ara wọn bí àgbélébùú. Wọ́n gba àga wọn padà lọ́wọ́ mi, wọ́n ka ìyókù títí dé 100. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ mẹ́rin. Mẹ́rin nínú fíìdì 100. Kò sí ọ̀kankan nínú 30 tí mo wò.

Wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo la ọ̀rọ̀ mẹ́ta mi kọjá. Ní láàbù, a kì í pa nǹkan rẹ́, ohun tá a kọ́kọ́ kọ gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Wọ́n kọ "Scanty, 4" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i, wọ́n kọ déètì.

20/
Mo ń retí pé wọ́n máa jágbe mọ́ mi. Wọn ò jágbe. Wọ́n ní, "'Seen' tó o kọ yìí, ojú ta ni kò rí i? Ẹni tí kò wò, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé òun ò rí."

Wọ́n wá ní kí n jókòó, kí n wá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra mi. Wọ́n lọ bẹ ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ pé kó fún wa ní ààbọ̀ wákàtí sí i. Mo rí mẹ́ta. Ìkẹrin, mi ò rí i títí iná fi lọ. Mo sunkún nílé ìyàgbẹ́. Mi ò lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde.

21/
Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ tún un kà: No AFB SEEN. Kò sọ pé AFB ò sí. Àwọn tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ yẹn kalẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. "A ò rí i" yàtọ̀ sí "kò sí i." Èdè Yorùbá gan-an mọ̀ ọ́n. Tí màmá rẹ bá rán ẹ níṣẹ́ sínú yàrá, tó o padà wá sọ pé "kò sí níbẹ̀," ṣebí ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé, "Tí mo bá wá rí i ńkọ́?" Ẹ mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. 😅

Àmọ́ ní ẹnu ọ̀nà láàbù, tí aláìsàn bá gba ìwé tí wọ́n kọ "not seen" sí, ohun tó máa sọ nílé ni pé, "Wọ́n ní mi ò ní nǹkan kan."

22/
Wọ́n gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ìyá náà lọ sí GeneXpert. Ìyẹn ò lo aró rárá, àbùdá kòkòrò náà ló ń wá, èsì rẹ̀ máa ń jáde ní bí wákàtí méjì, ó sì ń sọ bóyá oògùn rifampicin máa ràn án. WHO ti fọwọ́ sí i láti ọdún 2010. Ó rí TB, rifampicin sì máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ará ilé wá fún àyẹ̀wò, títí kan ọmọ tó ń jẹ búrẹ́dì.

Nọ́ọ̀sì bá wọn jókòó, ó sọ fún wọn. Nígbà tí mo ń kọjá, wọ́n pè mí. "Ọmọ mi, ṣé ẹ rí i lóòótọ́?"

Mo ní, "A rí i, ma."

"Mélòó?"

"Mẹ́rin, ma."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Mẹ́rin péré? Ẹ ò ṣe kúkú pa á sọ́hùn-ún fún mi?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ gbé wọn. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí n sọ fún wọn pé òdo ni.

23/
Oògùn oṣù mẹ́fà ni: oríṣi mẹ́rin fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù mẹ́rin. Kí ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? E. coli lè di méjì láàárín bí 20 ìṣẹ́jú. TB lè gbà tó wákàtí 20 kó tó di méjì, òmíì sì máa ń fara pamọ́ láì ṣe nǹkan kan. Oògùn gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ìtọ̀ ìyá náà di àwọ̀ ọsàn nítorí rifampicin, ẹ̀rù bà wọ́n, àwọn aládùúgbò sì ti ń sọ pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé aró oògùn ni, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ẹ tún rí aró?

24/
Tí oṣù méjì bá pé, wọ́n máa ń tún kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò. Mo bẹ Mummy kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ti ìyá náà. Wọ́n wò mí, wọ́n gbé e fún mi.

Mo rẹ ẹ́. Ooru rú, kò hó. Mo mú ẹ̀rọ ìkànka lọ́wọ́. Mo ka 100. Búlúù ni gbogbo ẹ̀. Mo tún ka 100 mìíràn, kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́. Ojú ń ta mí. Mo pa fóònù mi.

Mo kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà: No AFB seen. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà, ìwé kan náà, bírò kan náà bóyá. Mummy tún un wò. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Wọ́n tún sọ fún ìyá náà pé kò túmọ̀ sí pé ó ti tán o. Oṣù mẹ́rin ṣì kù, wọn ò gbọdọ̀ dá oògùn dúró. IT mi parí kí oògùn wọn tó parí. Ọjọ́ tí mo rí wọn kẹ́yìn, wọ́n ti sanra díẹ̀, wọ́n ń pariwo lé ọmọ-ọmọ wọn lórí pé kó yé sáré ní kọ́rídọ̀, ikọ́ ò sì dá wọn lẹ́nu.

25/
Nítorí náà, ìwọ tó o wọ DM mi: rárá, ẹ má tíì fọkàn balẹ̀. Wọn ò sọ pé kò sí. Wọ́n ní àwọn ò rí i. Ó lè má jẹ́ TB o, nǹkan tó ń fa ikọ́ pọ̀. Àmọ́ ikọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún TB, tiyín sì ti lé ní oṣù kan.

• Kí ẹ̀gbọ́n padà lọ, kó sọ fún wọn pé ikọ́ ò tíì lọ.
• Kó béèrè GeneXpert.
• Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àárọ̀ kùtùkùtù ló dára jù, láti inú àyà, kì í ṣe itọ́.
• Àyẹ̀wò TB àti oògùn rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ní ibi ìtọ́jú TB ti ìjọba ní Nàìjíríà.
• Kí ẹ máa ṣí fèrèsé ilé, kó sì máa bo ẹnu tó bá ń wúkọ́.

26/
Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí i kí n tó gbé e síbí. Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa lọ. Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù mi, mo máa bi í.

Mummy, tẹ́ ẹ bá rí èyí, ẹ ṣé ma. Mi ò sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn pé 30 ni mo kà. Mo rò pé ẹ mọ̀.

Ẹ bá mi RT. Ẹni tó ń wúkọ́ lè wà lórí TL yín. Tí ẹ bá ní ìbéèrè nípa aró, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá dáhùn. Èyí tí mi ò bá mọ̀, màá bi Màmá àgbà. 💜